Bátìrì Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́

Láti àárọ̀ ni ọkàn Mọ̀núrù kò ti fìdí kalẹ̀. Bí ó bá wo ojú ọ̀sà, yóò padà sídìí ṣájà, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì. Bí ó bá dé ìdí ṣájà, ojú rẹ̀ yóò tún lọ sójú ọ̀sà. Ìsọ̀ páànù ni tirẹ̀, lẹ́bàá omi ní Èbúté Èrò, níbi tí ẹ̀rọ onírin náà ti ń kùn bí oyin. Iṣẹ́ tó mọ̀ láyé ni kí ó fi iná sínú bátìrì tó ti kú. Onímọ́tò ń gbé tiwọn wá, ọlọ́kọ̀ omi náà ń gbé tiwọn wá. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ní àkókò ìrun kì í kọjá lórí rẹ̀, débi pé Alùfáà ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni bátìrì tó bá tọ́wọ́ rẹ̀ jáde kì í pẹ́ kú mọ́. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ọkọ̀ Jíbrílù, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ná Ẹ̀pẹ́, dákẹ́ sáàárín ọ̀sà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ síbi tí wọn kò rán an, àwọn èrò ń ké pe Ọlọ́run, títí àwọn apẹja fi sọ okùn sí wọn, tí wọ́n sì fà wọ́n dé èbúté. Jíbrílù kò pariwo. Ó kàn gbé bátìrì náà padà wá, ó ní, "Mọ̀núrù, tún un wò. Ẹja ọ̀sà ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wá."

Lónìí, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ọkọ̀ náà yóò tún ṣí. Àlímọ̀t, ìyàwó Mọ̀núrù, ni yóò wọ̀ ọ́ tòun ti Ganiat, ọmọ wọn, lẹ́yìn, nítorí wọ́n ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, pé orúkọ rẹ̀ ló ń pè. Kò sí ọkọ̀ mìíràn títí di ọ̀túnla.

Mọ̀núrù tú ṣájà palẹ̀. Fíúsì kò jó. Ó fi omi gbígbóná fọ ẹnu wáyà tí ìpẹtà ti bò, ó ha á títí ó fi ń dán. Ó tò ó padà, abẹ́rẹ́ mítà gbéra bó ti yẹ kó gbéra. Ibo wá ni àrùn wà? Nígbà tó kí ìrun àìlà, ó fi orí kanlẹ̀ pẹ́, ó ní kí Ọlọ́run fi àrùn ẹ̀rọ náà han òun. Ó dìde, ó ń wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń wò ó. Ohùn kan wí nínú rẹ̀ pé, ṣé Ẹni tó dá ọ̀sà ráyè gbọ́ ti ṣájà? Ó yára tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jáde lọ.

Ó wá rántí bátìrì Síkírù onítakisí, tó tú lára mọ́tò rẹ̀ ní ẹ̀bá títì láàárọ̀, tó sì ní òun ń bọ̀ wá gbé nírọ̀lẹ́. Orí ṣájà yìí kan náà ló wà láti àárọ̀. Mọ̀núrù fi wáyà so gílóòbù mọ́tò mọ́ ọn. Iná náà tàn yòò, kò mì. Ó so ó mọ́ ti Jíbrílù. Iná tàn, ó pọ́n, ó ṣú, ó kú.

Ṣájà kan náà, wáyà kan náà. Kí ló wọ inú ọ̀kan tí kò wọ inú èkejì? Omi ni. Omi tó wà nínú ti Síkírù ṣì kún nígbà tó gbé e dé, Mọ̀núrù kò bù kún un. Gbogbo ìyókù ló ti bu omi sí.

Àmù kan wà lábẹ́ òrùlé ìsọ̀ rẹ̀ tí ó fi ń gbe omi òjò, nítorí omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí ọ̀sà, ó níyọ̀, iyọ̀ sì ni májèlé bátìrì. Òjò ti dá látọjọ́ pípẹ́, àmù náà kò sì gbẹ. Mọ̀núrù kò béèrè ìdí. Àlùbáríkà ló pè é. Àràárọ̀ tó bá ṣí i tó bá a ní kíkún ló ń dúpẹ́.

Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ lá. Iyọ̀.

Ìyá Hàwáwù, opó àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ fara ti ìsọ̀ náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀súbáà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń pọn omi sí àmù yìí?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Sàráà tí èèyàn bá pariwo, ó ti di ìpolówó ọjà."

"Ìyá, mo fẹ́ mọ̀ ni."

"Èmi ni. Mo rí i tí ìwọ àtàwọn èrò ọkọ̀ ń bù ú ṣe àlùwàlá. Mo ní kò ní gbẹ lójú mi. Kànga wa ni mo ti ń pọn ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí o, ṣùgbọ́n nítorí Ọlọ́run ni."

Mọ̀núrù fi ìdérí dé àmù náà. Obìnrin tó ń tẹ̀ sórí kànga nínú òkùnkùn nítorí Ọlọ́run, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ri ọkọ̀. Òun Mọ̀núrù tó ń dúpẹ́ ló ń bù ú sí bátìrì. Ó ní, "Ọlọ́run á gbà á, Ìyá." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Jíbrílù ké láti etí omi lẹ́yìn ìrun àlàásárì: "Mọ̀núrù, èrò ti kún. Ṣé bátìrì ti jí, àbí kí n lọ wá ọ̀pá tí n ó fi tukọ̀ dé Ẹ̀pẹ́?"

"Kò jí. Kò ní jí mọ́. Omi iyọ̀ ló mu, èmi ni mo sì fún un mu."

Àlímọ̀t ti jókòó nínú ọkọ̀. Ó dìde. "Bàbá Ganiat, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?" Kò sunkún. "Bí ìyá mi bá lọ kí ọ̀túnla tó pé ńkọ́?"

Mọ̀núrù wo ẹ̀yìn. Bátìrì Síkírù wà lórí pákó, ó bá ti ọkọ̀ dọ́gba. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ó rìn dé ojú títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí Síkírù. Ó padà, ó gbé e, ó lọ dì í mọ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlímọ̀t jókòó padà.

Ó ṣì dúró sétí omi nígbà tí Síkírù dé.

"Alùfáà, bátìrì mi dà?"

"Ó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Mo gbé e láìtọrọ. Òun ló ń gbé ìyàwó mi lọ. Ọ̀túnla ni yóò padà."

Síkírù ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ohun tí mo bá gbé sọ́dọ̀ yín, bí ẹni gbé e sí mọ́sáláṣí ni."

"Lónìí, wọn ò sòótọ́."

"Ẹ ò kúkú gbé mọ́tò pẹ̀lú." Síkírù mí kanlẹ̀. "Ṣé kò ní kú lójú omi ṣá?"

"Tìrẹ ò mu omi mi."

"Ẹ ká apá ẹ̀wù, kí ẹ wá bá mi ti mọ́tò délé."

Mọ̀núrù ká apá ẹ̀wù sókè, ó fi èjìká ti mọ́tò náà lẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń tì í lọ, ó ń tẹ́tí sí ọ̀sà. Ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ mọ́. Kò mọ̀ bóyá ó jìnnà ni, tàbí ó dákẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì ń ti mọ́tò lọ.