Ọmọ Ajá Méjì Tó Wà Lọ́dọ̀ Ìyá Zinsu

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ajá kékeré kan kiri Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ó ti pẹ́ o! Nígbà yẹn, ọdún 1990 kù díẹ̀ kó dé, koríko sì pọ̀ ju ilé lọ ní apá ibi tí à ń gbé ní Òkòkòmàíkò.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní mo ń parọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjànìkin. Ọmọ Èkìtì ni mí, orí mi sì le. Mi ò kì í rí òjìji, mi ò kì í lá àlá tó ní ìtumọ̀. Ajá gan-an, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Irun rẹ̀, itọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ nígbà òjò... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ ló gbé wa dé ìdí ajá. Mo bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, ibà kan mú Kẹ́hìndé lọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í lo ọ̀rọ̀ ikú fún ìbejì, nítorí náà ẹ má retí kí n lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìbejì, ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn dé. Òun ló ń rán Táyé níṣẹ́. Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn! Kẹ́hìndé á jókòó bí ìyá ọba, á ní kí Táyé lọ gbé omi wá, Táyé á sì sáré. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́ mọ́, Táyé kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀. Á jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀, á ti ìdajì yòókù sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń gbẹ lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé èkejì yóò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi wá láti Èkìtì. Wọ́n ní kí a gbẹ́ ère Kẹ́hìndé, kí n máa wẹ̀ ẹ́, kí n máa fún un lóúnjẹ, kí n máa rán aṣọ fún un, kó má baà pe èkejì rẹ̀. Bàbá Ìbejì yarí. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó tún ń kọ́ni ní yunifásítì, ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó ní ère kankan kò ní wọ ilé òun. Màmá bínú, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Dókítà kan ló wá gbà wá nímọ̀ràn pé kí a wá nǹkan ẹlẹ́mìí tí ọmọ náà á máa bá ṣeré. Ọkọ mi ní ajá ni. Mo ní ṣé adìyẹ ò tó ni? Ó ní ajá. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kékeré ni o, èyí tí mo lè fi ìgbálẹ̀ lé.

A wá ajá kékeré títí! Ẹnì kan mú wa lọ sọ́dọ̀ sójà kan ní Ọ̀jọ́, ẹni tó ní ọmọ ajá ni òun fẹ́ fi tọrẹ. Ọmọ ajá wo? Ohun tí mo rí tóbi ju ewúrẹ́ lọ, ó sì ń wo itan mi. Mo ti dé gbàgede kí ọkọ mi tó kí sójà náà tán.

Antí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá sọ fún mi nípa obìnrin Ẹ̀gùn kan ní Ìbà tó máa ń se òróró àgbọn. Ó ní ajá obìnrin náà ti bímọ, irú ajá tí kì í tóbi. Ìyá Zinsu ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ ìbejì ni Zinsu láàárín àwọn Ẹ̀gùn, nítorí náà ìyá ìbejì bíi tèmi ni.

A bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà ní ọ̀sán Sátidé kan, a rìn wọlé. Òórùn àgbọn ló júwe ilé fún wa. Ìyá Zinsu ti dàgbà, ohùn wọn sì tutù. Wọ́n fún Táyé ní àgbọn jẹ, wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ní Táyé, wọ́n wo ẹ̀yìn wa, wọ́n tún wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí ẹnì kejì. Bàbá Ìbejì ló rọra sọ fún wọn pé èkejì ti lọ.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní láàárín àwọn Ẹ̀gùn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó ni. Wọ́n ní ẹni tó lọ ṣẹ́gi, kò lọ jìnnà. Mi ò mọ̀ bóyá kí ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú tàbí kó bà mí lẹ́rù.

Ọmọ ajá méjì ló kù nílẹ̀, aláwọ̀ iyanrìn, àyà wọn funfun. Ẹ ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Táyé ti gbé ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti lọ! Ìyá Zinsu ní kí a kó méjèèjì, pé àwọn kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi dúpẹ́, ó ní ẹyọ kan ni a bá wá. Wọn kò bá a jiyàn, èmi ni wọ́n kọjú sí.

“Ìwọ ìyá wọn, tí o bá ń ra aṣọ fún wọn, ṣé ẹyọ kan lo máa ń rà?”

Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, kò sí ohun tí mo rà ní ẹyọ kan rí. Ìyá ìbejì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ní lọ́kàn mi pé ajá kì í ṣe aṣọ. Ajá méjì nínú ilé mi kẹ̀? Mo ní ẹyọ kan ti tó wa, Màmá, ẹ ṣeun. Ọmọ ajá kejì sunkún tẹ̀lé wa títí a fi dé ojú ọ̀nà.

Bíńgò ni a sọ ọ́. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ tí gbogbo ayé ń sọ ajá nígbà yẹn náà nìyẹn. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń sáré káàkiri, ó ń ké, ó ń ba ilé jẹ́, inú mi sì ń dùn. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ajá, mo ń fi ẹja sínú oúnjẹ ajá!

Ṣùgbọ́n mo rí i pé Bíńgò á jẹun dé ìdajì, á fà sẹ́yìn, á jókòó. Á máa wo abọ́ náà, á máa ju ìrù. Tí mo bá ti abọ́ náà sí i lẹ́nu, kò ní jẹ. Mo bi Táyé pé kí ló ń ṣe ajá rẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ẹnu tó kún fún ẹ̀bà pé Bíńgò ń fi sílẹ̀ de ajá ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo ní kó gbé ẹnu dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bíríkìlà wá tẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó parí iṣẹ́ lówùúrọ̀, a ti géètì pa, èmi àti Táyé lọ sí ilé ìwé ní Ìjànìkin, bàbá rẹ̀ náà lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí a dé lọ́sàn-án, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ibi tí a fi í sí. Ojú ẹsẹ̀ Bíńgò wà lórí sìmẹ́ǹtì náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ojú ẹsẹ̀ ọmọdé kan, láìsí bàtà, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ní ọmọ aládùúgbò ló fo ògiri. Ọmọ aládùúgbò wo? Ògiri tó ga ju ọkọ mi fúnra rẹ̀ lọ? Mi ò bá a jà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ náà dáadáa. Ọmọ ìka tó kéré jù lọ gun orí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn, ti Táyé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo wọlé, mo se oúnjẹ.

Kò pẹ́ tí ara Táyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà. Ó ń jó rẹ̀yìn síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi omi tútù nu ara rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Mummy, Kẹ́hìndé ní ajá yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ó ní kí n gbé tòun wá. Ó ní tí mi ò bá lè gbé e, kí èmi àti Bíńgò jọ máa bọ̀.”

Mo bi í pé kí ló fi dá Kẹ́hìndé lóhùn. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní ṣé òun lè kọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bá rán òun níṣẹ́ ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìwé tí mo kà fò lọ lórí mi! Ó yé mi níbẹ̀ pé a ti ṣe ohun tí a kò ṣe rí. A mú ẹyọ kan wálé fún ìbejì. Mo fi Táyé sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, mo ní mò ń lọ ra oògùn, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ìbà. Mò ń bẹ Ọlọ́run lọ́nà pé kí ọmọ ajá kejì má tíì kúrò níbẹ̀.

Ìyá Zinsu jókòó ní ìdí ìkòkò wọn. Mi ò tíì kí wọn tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọmọ ajá náà. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní ṣé mi ò bá ọmọ mi pàdé lọ́nà ni? Wọ́n ní ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó ti wá gbé e. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ bá mi wí, pé kí ló dé tí mo rán irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ gba ojú títì márosẹ̀ kọjá láìwọ bàtà.

Mo ní Táyé wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé.

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀.

“Mo pè é ní Táyé, kò dáhùn. Ó ní òun kọ́ ni Táyé. Ó ní ara Táyé ò yá, òun wá gbé tòun.”

Mo bi wọ́n pé aṣọ wo ló wọ̀. Wọ́n ní gáùn aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì funfun. Méjì ni télọ̀ rán nínú gáùn yẹn. Ọ̀kan wà nínú àpótí nílé. A wọ èkejì fún Kẹ́hìndé lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sin.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo wọlé, Táyé jókòó, ó ń mu ògì, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó ní ebi ṣì ń pa òun. Lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bíńgò ti lá abọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Táyé ní Kẹ́hìndé ti fi ajá tirẹ̀ han òun lójú fèrèsé, ó ní kí òun dúró ti Mummy.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, láti orí ẹsẹ̀ inú sìmẹ́ǹtì títí dé orí gáùn. Kò gbàdúrà, kò bá mi jiyàn. Nígbà Kérésìmesì, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra bàtà fún ọmọ. Ó ra méjì. A fi èkejì fún ọmọ opó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe títí Táyé fi lọ ilé ọkọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: ọmọ tí ẹ bí kì í kúrò nínú iye ọmọ yín nítorí pé kò sí níwájú yín. Tí ẹ bá ń pín nǹkan, ẹ pín tirẹ̀ náà, kí ẹ fi ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́rẹ ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìbejì àti bàbá ìbejì, ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ fún mi, ẹ má tijú. Inú mi á dùn láti mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Àwọn tí mo bá sọ fún máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Rárá o. Mo padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Zinsu lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó darapọ̀ mọ́ àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà nípa Kẹ́hìndé ni mo sì máa ń bi wọ́n. Ṣé ó sanra? Ṣé ó ga sí i? Ṣé ó rẹ́rìn-ín? Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo jowú obìnrin yẹn. Wọ́n rí ọmọ mi, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, èmi sì wà nínú bọ́ọ̀sì.