Fìtílà Mísìsì Kámálà Létí Ọ̀sà Ọ̀jọ́

Òwú tó ń jó nínú òróró àgbọn: bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ ni mo tún wà. Mísìsì Kámálà, ará Íńdíà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ń gbé ẹ̀yìn ilé wa. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á ró sárì, aṣọ gígùn ilẹ̀ wọn, wọ́n á gba etí omi lọ gbàdúrà. Èmi àti àbúrò mi, Bánkọ́lé, á tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ní nílùú àwọn, ìyá ni odò Gáńgà. Tọ́mọdé tàgbà ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀ níbẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, àwọn àlùfáà á gbé fìtílà ńlá sókè, agogo á máa dún, gbogbo etí odò á gba orin. Kò ṣàjèjì sí wa. Aládúrà ni wá, àwa náà ń tanná létí omi. Àmọ́ inú iyanrìn la máa ń ri àbẹ́là tiwa mọ́, títí á fi jó tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mísìsì to òdòdó sórí ewé kókò, wọ́n gbé fìtílà kékeré lé e, wọ́n sì fi lé omi lọ́wọ́. Màmá wa ló máa ń sọ pé, "Ẹni tó rí nǹkan oníǹkan tó ń lọ tí ò dá a dúró, òun náà ló jí i." Ni Bánkọ́lé bá kó sómi tòun taṣọ. Ó gbé fìtílà dé, iná ti kú, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ funfun nẹ́nẹ́.

"Mísìsì, ẹ gbà. Díẹ̀ ló kù kó sá lọ."

Mísìsì jókòó sórí iyanrìn. "Lẹ́tà dé láàárọ̀. Ìyá mi ti kú. Mo ní kó máa lọ, ìwọ lọ mú un padà."

Bánkọ́lé bú sẹ́kún. Èmi ni mo ní, "Ẹ má bínú, Mísìsì. A ò mọ̀ pé màmá yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín tomijé tomijé, wọ́n fi etí sárì nu orí Bánkọ́lé. Wọ́n tún fìtílà náà tàn. "Ó yá, ìwọ tó mú un wá, sìn ín sọ́nà."

Ó gbé e lé omi. Ó yọwọ́.

Bánkọ́lé kú lóṣù tó kọjá. Bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi n'Ókókómáíkò. Dàpọ̀, ọmọ ẹ̀, ní òun fẹ́ máa wọ̀ ọ́, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bánkọ́lé, ọmọdé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mísìsì sọ fún un tó fi yọwọ́. Èmi àgbàlagbà ni mo ṣì dúró sínú omi, tí mo di ewé kókò mú.

Mo ti ránṣẹ́ sí Dàpọ̀. Kó wá kó bàtà bàbá ẹ̀ lọ́la.