Pákó tí Àgbá Epo ń Gùn

Mo rántí ìgbà tí mo ń jowú àgbá epo. Arọ ni mí, ìdí ni mo fi ń wọ́ káàkiri Ẹdẹ, ẹní híhun ni iṣẹ́ mi. Òṣogbo ni àfẹ́sọ́nà mi wà, n kò sì tíì fojú kàn án rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ni alárinà wa, òun ló ń bá mi gbé ẹní lọ fún un. Nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, kì í yá a lára. Àmọ́ bí òyìnbó ṣe la ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ ọjà kan kì í yẹ̀ mọ́.

"Ó kí ẹ o," ni yóò wí bó bá dé. "Ó rẹ́rìn-ín títí."

"Kí lo sọ tó fi rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ni mo ń sọ."

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi ti di egungun. Mo mọ̀ pé bí n kò bá yọjú, alárinà ni yóò gbé ìyàwó.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, mo bá wọ́ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ga ju orí mi lọ. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ lè wo ìsàlẹ̀, kọ́là ọrùn rẹ̀ kò gbà fún un. Ó ní, "Èrò ní í gun ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrù nìkan là ń gbé."

Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àwọn àgbá òfìfo tó ń lọ gba epo ní Òṣogbo. Wọ́n tẹ́ pákó fún wọn, àwọn alábàárù ń rọra tì wọ́n gòkè bí ẹni ń sin ìyàwó tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹrù ni mí."

Ó rò ó títí, kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ní Òṣogbo, wọ́n fi pákó sọ̀ mí kalẹ̀, ìyókù epo ara àgbá ti kùn mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ tí n kì í lò. Ọ̀rẹ́ mi, tó wọ ọkọ̀ kan náà, ti bọ́ sílẹ̀ ní ibi tí èrò ń jókòó, ó dúró ti ọmọbìnrin kan tó gbé àwo oúnjẹ dání.

"Ta nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè. "Ẹrù ni."

"Ẹrù wo ló ń wò mí báyìí?" Ó sún mọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Àbí ẹ̀yin lẹ ń fi ẹní ránṣẹ́?"

Mo ní èmi ni. Ó yíjú sí alárinà wa.

"Ẹ ní wọn ò fẹ́ wá."

Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu epo ojú mi. Oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi ni mo jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó mi ti di ìyá àgbà báyìí. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ṣì ga, àgbá epo ṣì ní pákó tirẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún ní ibùdó, ìyàwó mi a gbójú sókè díẹ̀, bí ẹni ń retí àlejò ọjọ́ ọjà, kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kì í wo ọ̀nà ibùdó. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò.