Bàbá Tó Ń Nájà Sókè

Ọjọ́ tí àwọn tó ń de rédíò mọ́tò ládùúgbò yẹn kọ́kọ́ mọ Bàbá Yí-i-sódì, òjò ló gbé e dé. Ó yà sábẹ́ páánù ṣọ́ọ̀bù Onírédíò, ó gbọn omi dànù lára aṣọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Onírédíò ò tiẹ̀ bi í pé kí ló ń wá. Ọjọ́ kẹrin rèé tí iṣẹ́ kankan ò wọlé, àárẹ̀ sì ti mú un kọjá ká máa kí àlejò káàbọ̀.

Inú òjò náà ni tíṣà obìnrin kan wa mọ́tò kékeré rẹ̀ dé. Ó fẹ́ rédíò tuntun síwájú, ó fẹ́ sípíkà méjì sínú ilẹ̀kùn. Ó béèrè iye owó iṣẹ́. Onírédíò ro ti ìkòkò tó gbófo nílé.

"Ẹ mú ẹgbẹ̀rún méje wá."

"Méje kéré," ni ohùn kan wí lára ògiri.

Àwọn méjèèjì yíjú. Bàbá arúgbó náà ń fún etí aṣọ rẹ̀ bíi pé kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù ni?" ni Tíṣà bi í.

"Rárá o."

"Ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Èmi kọ́. Òjò ni mo sá wá síbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn méjì ló máa tú yẹn, ọmọ mi. Tó bá tú u tán, ó máa dá a padà bó ṣe bá a. Ó máa fa wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó máa fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ni. Ẹni tó bá gba méje ṣe ìyẹn, ó ní ibi tó máa fò. Ẹ fún un ní mẹ́rìnlá."

Ẹ̀rù ba Onírédíò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jẹun lónìí. Mo ti sọ pé méje."

"Ìwọ dákẹ́. O ò mọ iye tó o tó."

Tíṣà ní kí wọ́n gba mẹ́jọ. Bàbá ní mẹ́tàlá. Onírédíò ní òun fara mọ́ mẹ́jọ tọkàntọkàn. Bàbá ní kò gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ nìyẹn títí òjò fi dá, ẹni tó fẹ́ sanwó àti ẹni tó fẹ́ gbowó wà lápá kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn wà lápá kejì. Nígbà tó yá, Tíṣà ní ó ti rẹ òun, ó ka ẹgbẹ̀rún méjìlá sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn ló borí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí bàbá náà ò wá. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ránṣọ kó tó di pé ojú rẹ̀ kọ̀, tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tó gbà gbọ́ láyé ò ju ẹyọ kan lọ: owó aṣọ kì í sí níta, inú ló ń wà. "Ojú aṣọ, irọ́ ló ń pa," ni yóò wí. "Ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ rí òótọ́." Bó ṣe di Bàbá Yí-i-sódì nìyẹn. Mọ́tò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yí sódì, ṣùgbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀kùn mọ́tò padà, wọn á ní kí bàbá wá wo inú rẹ̀. Bí wáyà bá lọ geere, tí wọ́n fi téèpù dì í, á mi orí. Bó bá rọ̀ wálẹ̀ bí ìfun ẹran, á gé lára owó lójú ẹsẹ̀, oníbàárà ì báà má tíì sọ̀rọ̀.

Ó máa ń ka ìdè, ìyẹn bóòtù àti nọ́ọ̀tì, tí wọ́n tú, á sì ka èyí tí wọ́n dá padà. Lọ́jọ́ kan, ìdè méjì ṣẹ́ kù sórí ìjókòó mọ́tò lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Onírédíò ní wọn ò já mọ́ nǹkan kan, pé ilẹ̀kùn náà dúró dáadáa láìsí wọn.

"Ẹni tó ṣe mọ́tò yìí," ni bàbá bi í, "ṣé ìdè ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá ibi tó máa dà á nù sí?"

Onírédíò tú ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé bàbá ò fẹ́ràn orin. Bí wọ́n bá so rédíò tán tí wọ́n fẹ́ dán an wò, ńṣe ló máa fi ìka méjèèjì di etí. Oníbàárà á ní, "Bàbá, ṣé ohùn ẹ̀ dára?" Bàbá á ní, "Ẹ má bi mí. Ìránṣọ inú ẹ̀ ni mo wá wò."

Wọn a sì máa bi í pé mọ́tò tirẹ̀ ńkọ́. "Ó ti kú," ni yóò fi dáhùn, á sì gbé ìtàn kalẹ̀. Onírédíò gbọ́ ìtàn náà tó ogójì ìgbà, ó sì ṣàkíyèsí pé bí mọ́tò oníbàárà tó jókòó síwájú bàbá bá ṣe tóbi tó ni mọ́tò inú ìtàn náà máa ń tóbi tó. Nígbà tí ọ̀gá báńkì kan wá, mọ́tò ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gba ojú títì kọjá.

Ṣùgbọ́n ìdí ìtàn náà ò yí padà. Ẹni tó fẹ́ de rédíò fún un pe ogún. Bàbá nájà á, ó rọ̀ ọ́, ó kọ̀yìn sí i bí ẹni tó ń lọ, ó tún padà, títí ó fi já a sí mẹ́fà. Ó ní òun rìn délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jogún. Oníṣẹ́ náà sì ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fún un lóòótọ́: wáyà tó tín-ín-rín bí òwú, láìsí fíúsì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá páàkì síwájú ilé oògùn, ó wọlé lọ ra oògùn ikọ́. Ìgbà tó máa jáde, èéfín ti bo gíláàsì.

"Rédíò yẹn ò dá orin dúró," ni yóò wí. "Ó ń kọ ọ́ lọ ni, títí iná fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Gbogbo èèyàn a rẹ́rìn-ín. Onírédíò náà máa ń rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ kan tó ku àwọn méjèèjì péré, tí bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mẹ́rìnlá ni mo yọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn," ló wí. "Mẹ́rìnlá yẹn ni mo fi ra iná."

Ká má parọ́, bàbá tán Onírédíò ní sùúrù. Iṣẹ́ kéèyàn máa ká sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tó ń tu ara. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, òrùlé ilé rẹ̀ ń jò, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣíwọ́ ẹjọ́ rírò, ó kàn ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò ni. Ìgbà náà ni ọ̀gá onítakisí kan dé, tó ní mọ́tò mẹ́fà tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ó fẹ́ rédíò sínú gbogbo wọn. Onírédíò pe méjìdínlógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà mi orí. Onírédíò ti ń rí páánù tuntun lójú ọkàn rẹ̀.

"Ti àkọ́kọ́, méjìdínlógún tọ́," ni Bàbá Yí-i-sódì wí. "Ti ìkejì ńkọ́?"

"Bákan náà ni, Bàbá."

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ rán ẹ̀wù kan náà fún èèyàn mẹ́fà tí ara wọn rí bákan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa wọn ara. Ìwọ náà, nínú mọ́tò àkọ́kọ́ lo ti máa mọ ọ̀nà. Mẹ́tàlá ni márùn-ún yòókù."

Onítakisí ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fò lọ lójú Onírédíò bí eré. Ó dúró kí ọkùnrin náà lọ tán. Ó wá jókòó sórí bátìrì kan, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ má wá síbí mọ́."

"Ṣé mo purọ́ ni?"

"Ẹ ò purọ́. Ó ti rẹ̀ mí ni. Òrùlé ń jò lé mi lórí nílé. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́, ẹ̀yin náà tún ń jò lé mi lórí."

Bàbá rò ó wò. Ó ní òun gbọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọdá títì díẹ̀díẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Olówó-pọ́ọ́kú, ẹni tóun náà ń de rédíò, tó ń bá Onírédíò du oníbàárà ní òdìkejì.

Inú Olówó-pọ́ọ́kú dùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tiẹ̀ ra omi tútù fún bàbá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé owó tirẹ̀ ló kéré jù, kò sì sẹ́ni tó béèrè rí pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Bàbá béèrè. Ó ní kí wọ́n yí i sódì. Ó fa wáyà kan jáde níṣojú oníbàárà, ó fi wé òwú tó wà lápò rẹ̀, òwú ló nípọn jù. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, Olówó-pọ́ọ́kú ti ra wáyà gidi. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ra fíúsì àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tó ń fi wákàtí kan ṣe wá ń gba odidi ọjọ́, owó rẹ̀ sì ti ga débi pé àwọn tó ń wá ọ̀pọ̀ ò yà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó mú un sọdá títì padà. Òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún Onírédíò, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba bàbá yín. Wọ́n ti fẹ́ sọ mí di olóòótọ́."

Onírédíò gbé àga jáde. Ọ̀gá onítakisí ti ròyìn iṣẹ́ Onírédíò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́tò mẹ́rin ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì rí ẹni tó máa bá a dá wọn lóhùn. Kò dúpẹ́. Bàbá náà ò ní kó dúpẹ́. Ó jókòó, ó ní, "Ti pupa yẹn, èló lo pè é?"

Ní ọdún kẹsàn-án, ikọ́ mú bàbá. Ó ní kí Onírédíò fi mọ́tò gbé òun débì kan. Onírédíò rò pé ilé ìwòsàn ni. Ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Pósí kan wà níbẹ̀ tó ń dán bíi dígí, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń fi ọwọ́ pa ideri rẹ̀ fún wọn.

"Ẹ yí i sódì," ni bàbá wí.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ń wo inú rẹ̀."

"Inú ẹ̀ ni mò ń lọ."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo Onírédíò. Onírédíò wo ilẹ̀. Wọ́n ṣí i. Bàbá fi ìka tọ aṣọ funfun tí wọ́n fi bo inú rẹ̀, ó ní wọn ò rán an, ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi kàn án mọ́ ọn. Ó béèrè owó. Ọgbọ̀n ni. Ó ní kí wọ́n rán aṣọ náà bó ṣe yẹ, kí wọ́n gba márùndínlógójì. Gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọgbọ̀n tó òun.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n," ni Onírédíò wí. "Ẹ ò lè borí wọn."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí bàbá fi sùn tí kò jí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà náà ni wọ́n tì lọ́jọ́ ìsìnkú. Olówó-pọ́ọ́kú ló sunkún jù. Ó ní láyé òun, kò sẹ́ni tó kó òun sí gbèsè tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì tún da ojú bolẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ bàbá tó wá. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ẹni tí oorun jẹ ní gbèsè. Ó ní rédíò mọ́tò òun ti dákẹ́, kí Onírédíò bá òun de òmíràn. Onírédíò fi gbogbo ọjọ́ ṣe é. Nígbà tó ṣe tán, ó pe méjìlá. Obìnrin náà ka méjìlá sí i lọ́wọ́, kò ní kó dín in, kò ní kó fi kún un. Onírédíò dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́, kò mọ ohun tó kù láti ṣe.

Obìnrin náà fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì rédíò náà, orin jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tíì fẹ́ lọ.

"Ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi ń jí wá síbí bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á ní ẹ ń retí àwọn. Kí lẹ̀yin méjèèjì máa ń bá ara yín sọ?"

"Iye owó iṣẹ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Fún ọdún mẹ́sàn-án?"

Onírédíò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó yíjú sí títì.

"A ò tíì fẹnu kò ni," ló wí.