Rélùwéè Tó Dé Iléṣà

Rélùwéè kò dé Iléṣà rí. Gbogbo àgbà agbègbè wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òṣogbo ló gbà kọjá, ó forí lé Ìkìrun àti Ọ̀fà, ó sì fi ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ fún mọ́tò àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, mo mọ obìnrin kan tó mú rélùwéè dé Iléṣà nínú pálọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ti fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ló ra ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bọ̀ láti ìlú òyìnbó nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀, pé kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n pa á tì. Bàbá náà kú. Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó ń tú ẹrù olóògbé, ó rí páálí ọkọ̀ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó to àwọn irin rẹ̀ sílẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná, ọkọ̀ sì gbéra. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun jókòó sí tí òun ń wò ó, títí ẹsẹ̀ òun fi kú tipiri.

Tíṣà ni èmi nígbà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo, mo sì háyà yàrá kan ní àdúgbò Igbona níbẹ̀. Èmi náà ti fi agolo mílíìkì kan ọkọ̀ ojú irin fúnra mi, mo yọ mọ́tò inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́, mo dè é mọ́ ọn nínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gún. Ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan nìyẹn, pé kó bá mi gé pákó róbótó wẹ́wẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni ọkùnrin náà, ó ju mí lọ dáadáa. Àlàájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fojú kan Mẹ́kà.

Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ojú tì mí díẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ká aṣọ kúrò lórí ohun kan tó wà lókè pẹpẹ, mo sì rí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi igi gbẹ́, tòun ti ilẹ̀kùn, tòun ti fèrèsé, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí.

Ó ní, "Mo ti rò pé èmi nìkan ni orí mi dàrú ní Òṣogbo. Màmá kan ní Iléṣà ló kó o ràn mí. Tábìlì lásán ni mo lọ kàn fún un."

Bí a ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la máa ń pàdé. Tí wọ́n bá ti parí ìmọ́tótó àdúgbò, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èmi àti Àlàájì á wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, oníkálùkù á gbé ohun tó ti ṣe lóṣù náà sórí itan, a ó fi aṣọ bò ó kí àwọn èrò ọkọ̀ má baà máa bi wá léèrè. Nílé Màmá, kò sí ẹni tí yóò jẹun kí kálukú tó fi tirẹ̀ hàn. Àlàájì á gbé ọkọ̀ ẹrù tuntun tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin jáde. Màmá á gbà á, á yí i sọ́tùn-ún sósì, á ní, "Àlàájì, ọkọ̀ yìí sàn ju ilé tí mò ń gbé lọ." "Ulé" ló máa ń pe "ilé", nítorí Ìjẹ̀ṣà paraku ni, kì í sì í yí ẹnu padà fún ẹnikẹ́ni.

Tirẹ̀ ló ga jù. Tábìlì tí Àlàájì kàn fún un gba pálọ̀ náà tán, àga ti di ohun tí wọ́n ń gbé sí kọ̀rọ̀. Òṣogbo wà ní ìpẹ̀kun kan tòun ti téṣàn rẹ̀. Irin gba orí odò kọjá, ó wọ inú ihò abẹ́ òkè kan tó fi ìwé ìròyìn rírẹ àti ẹ̀kọ mọ, ó yọ sí Iléṣà. Iléṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tó fi páálí ìṣáná kọ́, ó ní ọjà, ó ní ilé ìwòsàn tí obìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ funfun dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà irin ń lọ sí Ìpetu. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ni ó fi ọ̀dà pa láró di koríko.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ mo ní, "Màmá, rélùwéè ò mà dé Iléṣà."

Ó ní, "Ìjọba ni kò mú un dé. Èmi ti mú un dé."

Bí a ṣe wà nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, ó sì dùn. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ọkọ̀ Màmá ń ṣubú níbi kọ́nà tó kù díẹ̀ kó wọ ihò òkè. Ṣáájú, kì í ṣubú. A rò pé irin ló gbó. Ní Sátidé mìíràn, ó na ọwọ́ láti mú ife omi, ìgúnpá rẹ̀ gbá ṣọ́ọ̀ṣì ṣubú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Èmi àti Àlàájì wo ara wa. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ti ṣe ọ̀nà tuntun síwájú ọjà, ká wá wò ó. Koríko ló dà sójú ọ̀nà. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbọọrọ, ní ibi tí kò yẹ kó wà.

Àlàájì ní, "Màmá, ó dáa o."

Màmá yíjú sí ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àlàájì, irọ́ kò yẹ yín. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì."

Ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ nípa aláìsàn mìíràn ní wọ́ọ̀dù. Ó ní agbára omi tó wà nínú ẹyinjú òun ló ga ju bó ti yẹ lọ, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Kì í dunni. Ojú kì í pọ́n. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn méjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, bí òun bá wo téṣàn, òun kò rí odò. Bí òun bá wo odò, téṣàn ti lọ. Dókítà ojú ní Ifẹ̀ ti sọ fún òun pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, ẹ̀kán oògùn ló lè dá èyí tó kù dúró, bí òun bá ń rí i kán déédéé.

Ó ní, "Mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlòmíràn rí. Mo máa ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Mi ò mọ̀ pé fífọwọ́kàn yẹn kì í ṣe nǹkan kan."

A gbìyànjú. Kí ni kí n sọ pé a ò ṣe? Oògùn náà kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Mo wá a káàkiri àwọn ilé oògùn Òṣogbo. Ọ̀kan á ní ó tán, òmíràn á ní kí n padà wá, òmíràn á gbé ẹ̀kán ojú mìíràn lé mi lọ́wọ́ pé ìkan náà ni. Màmá á fi ìka pa ara ìgò náà wò, á gbé e súnmọ́ ojú, á ní kì í ṣe òun. Nígbà tí mo rí ojúlówó rẹ̀ níkẹyìn, epo tán nílùú. Ìgò kékeré yẹn wà lápò mi, mo dúró ní gáréèjì láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, mọ́tò kankan kò lọ sí Iléṣà. Mo ń fọwọ́ kan ìgò náà ṣáá, bí ẹni pé yóò sá lọ. Mo padà sílé. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí oògùn náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àlàájì ní tirẹ̀ ń ṣe àdúà lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Mo ra gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an wá, mo gbé e kọ́ sókè tábìlì. Màmá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní iná kọ́ ni ìṣòro.

Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyẹn ló nira jù fún wa láti wò. Ó na òwú láti Òṣogbo dé Ìpetu lórí tábìlì kó lè máa fi ìka tọ ojú irin lọ. Lóṣooṣù ó máa ń ní nǹkan tuntun láti fi hàn, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn. Àwọn ilé ń tẹ̀. Àwọn igi ń dúró sí àárín ojú irin. A ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

Lọ́jọ́ kan, ó wọ kíṣìnnì lọ bu ẹ̀wà fún wa. Àlàájì kò lè fara dà á mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó tú ìṣó níbi kọ́nà yẹn, ó fa irin náà gún, ó kàn án padà, kíákíá, kò pariwo. Mo rò pé ó ṣe dáadáa. Màmá gbé àwo dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó na ìka sí òwú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe kó tó tan iná. Ìka náà rìn dé kọ́nà. Ó dúró.

Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan ibí yìí?"

Àlàájì ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú. Mo ní kí ọkọ̀ má ṣubú mọ́ ni."

"Mo ní kó má ṣubú ni?" Ohùn rẹ̀ ga, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mo mọ ibi tó ń ṣubú sí. Ibi tí mo mọ̀ nìyẹn! Ẹ ti wá gbé e kúrò, n kò mọ ibi tí mo wà mọ́."

Kò sí ẹni tó jẹ ẹ̀wà yẹn. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó di ọwọ́ Àlàájì mú, ó ní kó má bínú, pé kì í ṣe Àlàájì lòun ń bínú sí. Àlàájì kàn ń mi orí, bẹ́ẹ̀ Màmá kò rí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe tíṣà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó di pé Màmá jó ara rẹ̀ lápá nídìí sítóòfù, ọmọ náà wá, ó ní ìyá òun kò ní dá gbé mọ́. Òótọ́ ló sọ, a ò rí ohun tí a lè fi já a nírọ́. Yàrá méjì ni òun àti ọkọ àti àwọn ọmọ ń gbé. Wọ́n ti rí ẹni tí yóò háyà ilé Iléṣà. Ọmọ náà ránṣẹ́ sí èmi àti Àlàájì pé ká wá gbé ohun orí tábìlì, nítorí kò fẹ́ kí ayálégbé dà á sórí ààtàn.

Àlàájì wọn tábìlì, ó wọn ilẹ̀kùn, ó tún tábìlì wọ̀n. Inú pálọ̀ ló ti kàn án lọ́jọ́sí, pákó kọ̀ọ̀kan ló gbé wọlé. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Màmá wà lórí àga ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Ó ní, "Àlàájì, kí lẹ ń dúró dè?"

"Màmá, àfi kí n fi ayùn gé e."

"Ó yé mi. Ẹ gé e."

"Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú yín jáde síta ná."

Ó ní, "Rárá. Mo ti dúró ti ẹni tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí."

Àlàájì gé e. Mo di òpin tábìlì mú kó má baà já lulẹ̀. Ohùn ayùn gba gbogbo ilé, lẹ́búlẹ́bú pákó ń dà sórí koríko tí a ti fi lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe. Nígbà tí ayùn dé ibi ihò òkè, òkè náà fọ́ sí méjì, ìwé ìròyìn inú rẹ̀ yọ síta. Màmá bi wá pé ibo la dé. Mo sọ fún un. Ó ní ká máa bá a lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìgbátí ìró nu ojú, kò sì jẹ́ kí ìyá òun gbọ́ ohùn òun.

Ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ni a kó o lọ. A gbìyànjú láti so ó pọ̀ nígbà mélòó kan. Wáyà ti já níbi tí a kò lè tọpa, irin kò sì bá ara mu mọ́ níbi tí ayùn gbà. Ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó dúró. A tì í, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn èyí òjò já wọ ibi tó wà.

Nígbà tí epo rọ̀ díẹ̀, a lọ kí i ní Ìpetu. Ojú náà ti lọ tán. Wọ́n gbé e jókòó síwájú ilé, níbi tí àwọn obìnrin ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì Àkúrẹ́. Ó mọ ohùn wa kíá, ó sì béèrè ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Mo ti ń wá bí n óò ṣe yí i sọ, ṣùgbọ́n Àlàájì ti kọ́gbọ́n.

Ó ní, "Kò rìn mọ́, Màmá. A ti sa gbogbo ipá wa."

Màmá ní, "Mo mọ̀ pé kò ní rìn. Ó tó. Tiyín ńkọ́? Kí lẹ ṣe lóṣù yìí?"

Kálukú wa ti gbé nǹkan dání gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ṣí aṣọ kúrò lórí tirẹ̀. Àlàájì bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ èrò kan, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin, lé Màmá lọ́wọ́. Màmá fi àtàǹpàkò tọ́ fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀kan kéré ju ìyókù lọ, òótọ́ sì ni. Ó kàn mí. N kò mọ bí mo ṣe lè júwe ohun tí mo ṣe. Iná kékeré ni, pupa àti àwọ̀ ewé, tó ń tàn tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Mo ń sọ ọ́, mo ń sọ ọ́, àwọn tírélà ń kọjá, mo ń gbé ohùn sókè. Mo ṣàlàyé wáyà, mo ṣàlàyé ibi tí mo ti rí gílóòbù tíńtìntín náà. Nígbà tí mo wojú rẹ̀, ó ti sùn lọ, ọkọ̀ èrò Àlàájì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A dìde. Mọ́tò Òṣogbo kan ń pe èrò lódìkejì títì. A ò mọ bóyá ká jí i láti dágbére, tàbí ká fi í sílẹ̀ kó sùn.