Olùyẹ̀wò Tí Ìyá Ìjókòó Dúró Dè Títí Ó Fi Kú

Orí àga onípákó gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni Ìyá Ìjókòó kú sí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di báàgì rẹ̀ mú sórí itan, ó sì tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ mu omi kọjá. Ẹni tó gbé fáìlì dání kọjá. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Wọ́n rò pé ó sùn ni. Nígbà tí iṣẹ́ parí, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Màmá, ẹ dìde o, a fẹ́ tilẹ̀kùn." Ara rẹ̀ ti tutù.

Agbálẹ̀ yẹn nìkan ló kígbe. Ohun tí àwọn tó kù ń béèrè ni ẹni tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀ kí ọ̀gá tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó kú fún yín, nítorí ìwé ìròyìn kan ṣoṣo tó mẹ́nu bà á kọ ọ́ pé "arúgbó obìnrin kan." Arúgbó obìnrin kan! Ẹ̀yin tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwé ní kékeré nílùú yìí, orí ìjókòó tí arúgbó obìnrin kan yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán lẹ jókòó sí. Ìdí yín ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ojú yín tó mọ lẹ́tà. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọjá níwájú òkú rẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ni gbogbo yín fi rìn lọ sílé ìwé ni?

Télọ̀ ni, wẹ́dà sì ni ọkọ rẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú àgbàlá tó kún fún irin àlòkù. Àkọ́bí wọn jẹ́ obìnrin, àwọn aládùúgbò ń pè é ní Labalábá, torí pé kì í jókòó sójú kan. Bó bá jẹun, orí ìdúró ni. Bó bá ń kàwé, á máa fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Láyé ìgbà náà, ẹ̀yìn lọ́rì akẹ́rù ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí lọ sílé ìwé tó jìnnà. Wọ́n á tò wọ́n sórí ìdúró bí igi ìdáná, wọ́n á ní kí wọ́n di ara wọn mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́rì náà yà fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, Labalábá sì já bọ́. Aṣọ ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni ìyá rẹ̀ ń rán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè é.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe rí láàárín wa. Ẹni tó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, àdúgbò kò mọ ohun tí wọn ó máa pe ìyá rẹ̀ mọ́. "Ìyá Labalábá" wúwo lẹ́nu wọn. Àwọn kan ń yà gba ọ̀nà míì kí wọ́n má baà kí i. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ dákẹ́. Á jí, á jáde sí àgbàlá, á jókòó ti àwọn irin rẹ̀, kò ní tanná sí ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ́ egungun ọkọ̀ àtijọ́ kan wálé. Kò ní òrùlé, kò ní ìhà, ẹ́ńjìnnì àti táyà nìkan ló kù lára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti inú ilé.

"Bàbá Labalábá, kí la fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ilé ni."

"Irú ilé wo?"

"Ilé tó ń rìn," ni ọkùnrin náà wí, "tó ní ògiri, tó sì ní ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà wọlé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde sí àgbàlá. Bí iléeṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí nìyẹn o. Kò sí ribọ́ọ̀nù tí ẹnikẹ́ni gé, olóṣèlú kankan kò sì ya fọ́tò níbẹ̀. Bàbá kan tó dákẹ́ àti ìyá kan tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọmọ tí kì í jókòó kú, ìyá rẹ̀ wá di ẹni tó ń rán ìjókòó fún ọmọ aráyé, àdúgbò sì rí orúkọ tuntun pè é: Ìyá Ìjókòó.

Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, torí pé mo wà lára àwọn ọmọ tí Ìyá Ìjókòó fi ń dán bọ́ọ̀sì wò. Bí wọ́n bá ti kan ìjókòó mọ́lẹ̀ tán, á jáde sí òpópónà, á pàtẹ́wọ́, gbogbo ọmọ àdúgbò á sì tú jáde. Á kó wa sínú ọkọ̀, á ní, "Ó yá, ẹ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣe nílé." A ó fò, a ó ti ara wa, a ó jà fún ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òun á dúró síta, á di ọwọ́ mọ́ àyà, á máa wo orí ta ló lè gba fèrèsé kọjá, ẹsẹ̀ ta ni kò kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ti tún àtẹ̀gùn ṣe, wọ́n á ti fi irin ìdìmú kún irin ìdìmú. Tìmùtìmù tó ń kì sínú ìjókòó pọ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ bi í níṣojú wa pé, "Ìyá Labalábá, ṣé bọ́ọ̀sì lò ń rán ni àbí ibùsùn?" Ó dá a lóhùn pé, "Bí wọ́n bá sùn, ta ló máa yọ orí síta fèrèsé?" Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà gan-an rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi dárà jù lọ. Wọ́n so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé bí kò bá tíì pa dé dáadáa, ọkọ̀ kò ní ṣí. Awakọ̀ ì báà kánjú, ó ì báà máa bú, ọkọ̀ kò ní mira. Àwọn awakọ̀ kùn, wọ́n ní ilẹ̀kùn yìí ń sọ àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá Ìjókòó ní, "Ẹ máa bínú lọ. Ẹ ṣáà pa á dé."

Olórí ilé ìwé kékeré kan ló kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Òmíràn gbọ́, òun náà wá. Wọ́n gba àwọn ọmọ iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n gba ọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà, ẹni tí àwọ̀ bọ́ọ̀sì kì í kúrò létí rẹ̀ àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ńláńlá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní "bọ́ọ̀sì inú àgbàlá." Lóòótọ́, inú àgbàlá náà ni wọ́n ti ń ṣe é títí dópin. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ sọ́yà kẹ́ ẹ sọ fún mi: ọmọ ta ló já bọ́ láti inú rẹ̀ rí? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan péré.

Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Àyà rẹ̀ ti gba èéfín iná wẹ́dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rọra kú sórí ibùsùn rẹ̀. Opó náà àti ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn Labalábá di iṣẹ́ mú. Ìgbà náà ni òfin tuntun dé. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kéde pé bọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ilé ìwé mọ́, àfi tí olùyẹ̀wò ìjọba bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára. Ta ni yóò bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà? Inú Ìyá Ìjókòó gan-an dùn sí i. Ó ní, "Ohun tí mo ti ń retí nìyẹn. Kí wọ́n máa bọ̀." Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo bọ́ọ̀sì náà, títí kan èyí tó ti wà láwọn ilé ìwé, lọ sẹ́yìn iléeṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì kó wọn lọ, ó nù wọ́n kó tó fi wọ́n sílẹ̀.

Olùyẹ̀wò dà? Kò sí. Wọn kò tíì yan ẹnì kankan. Wọ́n ṣòfin tán, wọ́n gbàgbé ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Ọdún yí po, òmíràn tún yí po, koríko hù gba abẹ́ táyà. Ilé ìwé kankan kò lè gba bọ́ọ̀sì tí kò lóǹtẹ̀, nítorí náà iná kú nínú àgbàlá, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì tú ká.

Kí wá ni àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ sílé ìwé? Lọ́rì akẹ́rù. Ẹ̀yìn lọ́rì, lórí ìdúró, gẹ́gẹ́ bíi ti ìgbà Labalábá. Ta ló yẹ àwọn lọ́rì náà wò? Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wọ́n wò, torí pé bọ́ọ̀sì ni òfin dárúkọ, kò dárúkọ lọ́rì. Ẹ rí ọgbọ́n ìjọba! Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nítorí ààbò àwọn ọmọ, wọ́n kó wọn kúrò níbi tí ilẹ̀kùn wà, wọ́n kó wọn lọ síbi tí kò ti sí.

Ìyá Ìjókòó wá sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléeṣẹ́ náà di ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò wá gba owó. Kò wá tọrọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Ẹ wá wò wọ́n. Bí wọ́n bá dáa, ẹ dá wọn padà fún àwọn ọmọ. Bí wọn ò bá dáa, ẹ sọ ibi tó kù sí fún mi, mo ṣì lè rí ihò abẹ́rẹ́."

Akọ̀wé á ní, "Màmá, ọ̀gá ò sí níkàlẹ̀."

"Níbo ló lọ, ọmọ mi?"

"Ó lọ ìpàdé ni, mà."

"Ìpàdé kí ni?"

"Lórí ààbò àwọn ọmọ ilé ìwé, mà."

Bó bá kúrò níbẹ̀, á gba ẹ̀yìn lọ, á yọ àkísà nínú báàgì rẹ̀, á máa nu ìjókòó bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló sọ fún mi pé òun bi í léèrè pé, "Màmá, ta lẹ̀ ń nù ún fún?" Ó ní, "Bí olùyẹ̀wò bá yọ lójijì ńkọ́?"

Ọmọkùnrin rẹ̀ gbìyànjú láti dá a dúró láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ sinmi lónìí nìkan." Ìyá náà ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Ó ní, "Tí mo bá sinmi lónìí, tí ọmọ kan já bọ́ lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀?" Ó jáde. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé.

Ó yẹ kí n parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí fún ohun tó tẹ̀lé e. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ bá ẹbí kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé kan yóò wá kọrin létí sàréè. Àwọn ọmọ náà dé lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń mì síwá-sẹ́yìn. Ẹ̀yìn lọ́rì ni wọ́n dúró sí.

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń sọ pé "ìyá rere, a kò ní gbàgbé yín láé." Ọmọ olóògbé kò dúró gbọ́ ọ. Ó fi ẹgbẹ́ pósí ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ síbi lọ́rì, ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá Ọlọ́dà, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, lọ dúró tì í, ó ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọjú sí ọ̀gá àgbà mọ́. Nígbà tí ìsìnkú parí, ọmọ kankan kò gun ọkọ̀ yẹn padà. Àwa tí a wá sìnkú la fà wọ́n lọ́wọ́, tí a sìn wọ́n délé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro wá. Lọ́rì náà ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn lófìfo.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ láti bi iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi "ìgbìmọ̀ yóò jókòó" dá mi lóhùn. Ta ló kọ òfin tó mú bọ́ọ̀sì, tó sì fi lọ́rì sílẹ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yan olùyẹ̀wò, tó ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ tí kò ṣe? Òun náà, ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó wá ṣàlàyé fún àwọn òbí lójúkojú. Ẹ yẹ àwọn bọ́ọ̀sì náà wò kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ kéde èsì rẹ̀ fún aráyé gbọ́. Kí lọ́rì akẹ́rù máa kó igi àti sìmẹ́ǹtì.

Ẹ má sọ fún wa pé ẹ ó fi orúkọ ìyá náà sọ òpópónà. Obìnrin náà mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ yín títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti bá a lọ. Àwa tó kù kò bẹ yín. À ń bi yín ni, ẹ dáhùn.