Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Bàtà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣakí, ẹ̀yin ọmọ mi, ọyẹ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń rí lónìí, tó kàn ń yọjú tó sì ń sá padà. Ọyẹ́ ayé ọjọ́un a máa fẹ́ títí ètè á fi là. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín láàárọ̀, ètè rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn. Ilẹ̀ a máa tutù débi pé a ò lè rìn jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀, àfi ká máa sáré. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wa fi yá. Kì í ṣe ẹ̀bùn kankan, òtútù ló kọ́ wa.

Lọ́dún kan, ilé ìwé wa ní ká sá eré ìje láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé ìdí àpáta, ká sì padà. Ọ̀gá tíṣà gbé ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣe ipò kìíní sórí tábìlì: súwẹ́tà pupa kan tó nípọn dáadáa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà, torí ọmọ oníṣòwò kan tí bàbá rẹ̀ ń ra bàtà kánfáásì bọ̀ láti ẹ̀yìn ibodè Ìjìó. Súwẹ́tà yẹn gba oorun lójú mi. Aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni èmi àtàwọn àbúrò mi ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́, èmi tí mo sì jẹ́ àgbà ni mo máa ń sùn sí etí, níbi tí aṣọ kì í dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ìyá mi àgbà, tó bí bàbá mi, yọ́ òrí, ó fi ra ẹsẹ̀ mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ mi tó ti là má bàa dùn mí. Bí wọ́n bá fi òrí ra èèyàn nígbà ọyẹ́, ìdí iná ló yẹ kó jókòó sí títí òrí á fi wọra. Ìyá àgbà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó ti iná nígbà tí súwẹ́tà ń dúró? Mo ki eré mọ́lẹ̀, ó di ilé ìwé. Òrí ò tíì wọra tí òtútù fi mú un, ló bá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo gba ibi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́ kọjá, mo gba inú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, èlùbọ́, eérú àti eruku pupa wá lẹ̀ mọ́ òrí náà, wọ́n bo ẹsẹ̀ mi bíi bàtà.

Mo sá eré náà, mi ò wẹ̀yìn, mo sì ṣe ipò kìíní. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí súwẹ́tà, tíṣà tó ń darí eré wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bọ́ bàtà yẹn."

"Ẹsẹ̀ mi ni, sà."

"Mo ní o bọ́ ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìka ẹsẹ̀ mi mú, ó fà á. Mo ké. Wọ́n gbé omi wá kí n fi fọ̀ ọ́. Omi tútù lórí òrí tó ti dì, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ńṣe ló ń ṣàn dànù. Tíṣà ní ṣé a ò rí i pé rọ́bà ni. Wọ́n ti ń pe ọmọ oníṣòwò, tó ṣe ipò kejì, kó wá gba súwẹ́tà. Mo bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà, tó ti ń wòran láàárín èrò, bọ́ síwájú. Ó kí ọ̀gá tíṣà dáadáa, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, bàtà wo lẹ ti rí rí láyé tó ní ìka márùn-ún?"

Ọ̀gá tíṣà tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń ka ìka rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó kà á tán, ó gbé súwẹ́tà fún mi. Ó gùn dé orúnkún mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi aṣọ ìbora sílẹ̀ fún àwọn àbúrò mi, inú mi sì dùn débi pé oorun ò tètè kùn mí.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ Ṣakí ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sílé ìwé báyìí, mo sì bá gìgísẹ̀ wọn yọ̀. Ọmọ ọmọ mi kan wà nílùú òyìnbó, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Láìpẹ́ yìí ló fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù mi: àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní bàtà nílé ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí yìnyín, wọ́n ní ó ń fún ara lókun. Òun alára ò lè fara da òtútù rẹ̀, ló bá lọ ra bàtà kan tó jọ ẹsẹ̀ lásán, tó ní ìka márùn-ún géérégé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni àárò ìyá mi àgbà sọ mí. Bó bá jẹ́ ayé òde òní ló ti bá mi ro ẹjọ́ yẹn, ọmọ oníṣòwò ni ì bá gbé súwẹ́tà lọ.